Alága Tó Sọ Èéhù Di Baba Ńlá Rẹ̀

Ẹni tí kò bá tíì rí i kí àgbàlagbà ṣí fìlà kí iṣu, kó fa àpótí sún mọ́bí, kó jókòó. Ẹ̀rín kọ́ ni a torí rẹ̀ pè é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Àsá ni a fẹ́ sọ, ní nǹkan bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, tí ìjọba ìbílẹ̀ tuntun ń yọ lọ́tùn-ún lósì ní gbogbo Òkè-Ògùn bí olú lẹ́yìn òjò.

Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ èéhù kúrò nílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti lọ, tí ooru mú, iṣu tó wà nínú ọgbà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ohun kan lórí tó rí bí ìka ọwọ́ ọmọ tuntun. Ohun náà ló ń jẹ́ èéhù. Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú ebè, èéhù ni. Ewúro tí a gé tó tún rú, èéhù ni. Kò sí àlọ́ kankan nínú rẹ̀. Ó hù, a pè é ní èéhù, ó parí. Gbogbo àgbẹ̀ ló sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún èéhù tó bá yọ lórí iṣu jíjẹ: ṣíṣẹ́ ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ. Inú iṣu ló ti ń jẹun. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò jẹ ìyá rẹ̀ tán, yóò ku èèpo.

Ọmọ tó ń ti oko bàbá rẹ̀ bọ̀ mọ èyí. Àlàájì Ràsáàkì Ọlágòkè náà mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé pé ó mọ̀ ọ́n.

Ọlágòkè ni adelé alága ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Àsá. Adelé ni ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn jókòó síbẹ̀ ná. Bí Ọlágòkè sì ṣe jókòó, kò tún fẹ́ dìde mọ́. Àga rẹ̀ ga, awọ pupa ni wọ́n fi bò ó, ó sì ń yí. Irú àga bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ìlú náà rí. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé wá kí i, ẹ̀yìn àga ni yóò kọ́kọ́ rí. Àga náà yóò wá máa yí bọ̀ díẹ̀díẹ̀, fìlà yóò yọ, etí kan yóò yọ, títí gbogbo ojú alága yóò fi hàn. Ó máa ń rẹ àwọn àlejò kan kó tó yí dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ti ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé òun ń bọ̀ kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Ọjọ́ tí òun bá dé ni òun yóò sọ ẹni tí yóò jókòó sórí àga náà pátápátá. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ náà ti dé, Ọlágòkè kò sùn dáadáa mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí Kọmíṣọ́nnà kò ní gbàgbé. Ohun tí ó ṣe náà nìyí.

Ó pe ìpàdé.

"Ìjọba wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni," ló wí, àga náà yí díẹ̀ sápá ọ̀tún. "Ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Mo ti ronú. Mo ronú títí orí fi ń fọ́ mi. Èéhù! Èéhù ni orúkọ ètò mi. Ọ̀nà tí a bá là, èéhù. Kànga tí a bá gbẹ́, èéhù. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní ọsibítù wa, èéhù!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ṣojú àwọn ará abúlé pàtẹ́wọ́ títí òrùka rẹ̀ fi bọ́, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un, nítorí kí wọ́n má baà rò pé ó ti pàtẹ́wọ́ tán.

"Ó ku ìtàn rẹ̀," ni Ọlágòkè wí. "Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀?"

Dúróríkẹ́ dìde. Òun ló ṣojú àwọn obìnrin ìlú, gbogbo ayẹyẹ ńlá ni wọ́n sì máa ń fi oúnjẹ rẹ̀ sí i lọ́wọ́. "Ẹ̀yin alága, ṣebí láti ara hù ni? Ó hù, ó di èéhù."

Àga dúró. "Ó hù? Ó kàn hù bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin alága."

"Bíi koríko ẹ̀bá títì?"

"Bíi koríko ẹ̀bá títì náà ni," ni Dúróríkẹ́ dáhùn, ó sì jókòó, inú rẹ̀ dùn pé òun gbà á.

Isaac ló wá wúkọ́. Tíṣà ni Isaac tẹ́lẹ̀ kó tó di akọ̀wé alága, kò sì sí ohun tí a lè bi í tí kò ní dáhùn, yálà ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n.

"Kábíyèsí," ló wí. "Ẹ dákun, ẹ̀yin alága, ẹnu mi ló yọ̀."

Ọlágòkè kò bá ẹnu tó yọ̀ náà wí.

"Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí ń bẹ, ìrẹ̀lẹ̀ alága ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí baba ńlá yín, ògbójú ọdẹ, kọ́kọ́ gun àpáta ìlú wa yìí, kò sí ewé níbí, kò sí ìtàkùn. Ó wolẹ̀, ó rí ohun kékeré kan tó ń ti ilẹ̀ jáde bọ̀. Ṣé ó sá? Rárá o! Ó na apá méjèèjì sókè, ó ké pé, 'Éèè!' Àpáta dá a lóhùn pé, 'Hùùù!' Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ èéhù dé ayé. Ilé alága ló ti jáde."

Omi lé ròrò sí Ọlágòkè lójú. Baba ńlá rẹ̀ tí àwọn àgbà ìlú mọ̀, iyọ̀ ló ń tà, ó sì ń sá fún àgbò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà wà nínú ìpàdé, wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ló rí, òmíràn tiẹ̀ ní bàbá òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Láti ọjọ́ kejì ni àṣà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní sẹkitéríàtì. Bí alága bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, yóò na apá sókè, yóò wí pé, "Éèè!" Gbogbo òṣìṣẹ́, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́, yóò dáhùn pé, "Hùùù!" Bí ó bá wọ yàrá, Hùùù. Bí ó bá sín, àwọn tí kò gbọ́ dáadáa á ti ní Hùùù. Wọ́n ní kí Lèmọ́ọ̀mù náà máa fi í kádìí wàásù. Lèmọ́ọ̀mù ní ọ̀fun ń dun òun, òun kò mọ ọjọ́ tí yóò san.

Bó bá ṣe pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí, kò sóhun tí ì bá bàjẹ́ ju ọ̀fun àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Ọjọ́ ọjà ló ba nǹkan jẹ́. Ọlágòkè ń kọjá nídìí àwọn oníṣu. Àwọn oníṣu ń ṣẹ́ èéhù bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ẹ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, wọ́n ń jù ú sílẹ̀, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Ewúrẹ́ kan dúró láàárín, ó ń jẹ ẹ́, ó pajú dé nítorí adùn.

Ọlágòkè dá ọkọ̀ dúró. "Baba ńlá mi nìyẹn lẹ́nu ewúrẹ́!"

"Áà!" ni Isaac ké, ó sì gbá orí mú.

"Ta ló ni ewúrẹ́ yìí?"

Kò sẹ́ni tó ni ewúrẹ́. Ní ọjà Òkè-Àsá, bí aláṣẹ bá bèèrè ẹni tó ni nǹkan, kì í lólúwa.

Orí ọkọ̀ ni Ọlágòkè dúró sí tó fi pàṣẹ. Ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Àsá kò gbọdọ̀ ṣẹ́ èéhù orí iṣu mọ́. Ó ní ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ yóò ru iṣu náà yí ọjà ká, yóò máa wí pé, "Mo pa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ." Bí wọ́n ṣe ń ṣe olè adìyẹ níbẹ̀ nìyẹn: adìyẹ á wà lórí, ìlú á wà lẹ́yìn. Ó fi kún un pé bí wọ́n bá fẹ́ fi iṣu ṣe àlejò, wọn kò gbọdọ̀ fọ̀bẹ kàn án kí àlejò tó rí èéhù rẹ̀, kó sì kí i. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí dùn mọ́ ọn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tó fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi í sọ́kàn. Òun náà ì bá ti fi í sọ́kàn.

Wọ́n gbé òfin náà lé Ràmọ́nì lọ́wọ́. Wolé-wolé ni Ràmọ́nì. Tẹ́lẹ̀, ìkòkò omi ló ń wọ ilé onílé lọ wò, bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í gba rìbá. Bí ẹ bá ní kó wo ìkòkò, ìkòkò ni yóò wò, kò ní wo ẹni tó ni ín. Ọlágòkè fi ọwọ́ ara rẹ̀ so fèrè mọ́ ọn lọ́rùn. "Ibikíbi tí o bá ti rí iṣu tí wọ́n ṣẹ́ èéhù rẹ̀, fọn ọ́n. Má wo ojú ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Ràmọ́nì wí. "N kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni."

Bàbá Jẹ́ẹ́dé ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Àgbẹ̀ tó ti dàgbà ni, oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìpapó, iṣu tó sì fẹ́ fi ṣe èbù gbígbìn lọ́dún náà ló ń tọ́jú lọ́wọ́.

"Bàbá, ta ló ṣẹ́ eléyìí?"

"Èmi ni. Ṣé iṣu lọ́wọ́ tí yóò fi ṣẹ́ ara rẹ̀ ni?"

Ràmọ́nì fọn fèrè. Ẹyẹ fò lórí igi.

"Ràmọ́nì," ni Jẹ́ẹ́dé wí, "èmi ni mo fa ìyá rẹ lé bàbá rẹ lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé fèrè ni wọn yóò bí."

"Iṣẹ́ ni, bàbá."

Jẹ́ẹ́dé ru iṣu. Ó yí ọjà ká, ó ń wí pé, "Mo pa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ." Bí ó bá sì ti wí bẹ́ẹ̀ tán, á rọra fi kún un pé, "Kí ọmọ aráyé lè rí nǹkan jẹ." Àwọn obìnrin ń fi ìborùn bo ẹnu. Nígbà tó yí i tán, kò lọ sílé. Ó kọrí sí ọ́fíìsì alága, iṣu náà lábẹ́ apá rẹ̀, ó dúró títí àga fi yí kàn án.

"Ràsáàkì," ló wí. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn níbẹ̀ mọ́. Isaac fẹ́ dá a lóhùn, Jẹ́ẹ́dé wò ó, ó pa ẹnu dé. "Èmi àti Ládòkun bàbá rẹ la jọ dá oko. Nínú ọgbà iṣu wa, àwa la máa ń ṣẹ́ èéhù, ìwọ lo máa ń kó o dà nù. Nígbà tó yá, o ní o fẹ́ máa ṣẹ́ ẹ fúnra rẹ. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ, o ṣẹ́ tòun ti orí iṣu. Ládòkun fẹ́ nà ọ́, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ìtìjú tí o fi kàn mí lónìí, mo fi jìn ọ́. Iṣu tí mo fẹ́ gbìn ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Bí wọn kò bá ṣẹ́ ẹ, kí òjò tó dé, kò ní sí èbù nílùú yìí."

Ọlágòkè rántí. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó rántí gbogbo rẹ̀: òórùn koríko tí wọ́n fi bo ọgbà, bí èéhù ṣe ń dún pẹ̀ẹ́ bí ó bá ṣẹ́, ọwọ́ Ládòkun lórí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí Isaac lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rí àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì rántí pé Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀. Alága tó bá yí òfin rẹ̀ padà nítorí bàbá arúgbó kan, ṣé wọn á fi í sílẹ̀ lórí àga?

Àga náà rọra yí padà, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan.

"Éèè," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn àga.

"Hùùù," ni àwọn òṣìṣẹ́ dáhùn. Jẹ́ẹ́dé gbé iṣu rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlú gbọ́ràn. Ó ní bí àwọn ará Òkè-Àsá ṣe ń gbọ́ràn tí ìgbọ́ràn wọn fi máa ń ro ẹni tó pàṣẹ lápá. Wọn kò ṣẹ́ èéhù kankan. Èéhù gùn bí okùn ewúrẹ́, ó jáde nínú ọgbà, ó ń wá ohun tí yóò gùn. Àwọn kan so aṣọ pupa mọ́ tiwọn. Àwọn kan sọ tiwọn lórúkọ. Wọ́n ń ṣí fìlà: "Èéhù, ẹ kú àárọ̀ o, alága ní ká kí yín." Isaac ń yí ká ìlú, ó ń padà wá ròyìn pé ìlú ti gbà. Iṣu tí géńdé ń fi èjìká gbé lọ́jọ́sí, ọmọdé ti ń jù ú sókè, ó ń hán an.

Nílé Ọlágòkè pẹ̀lú, àjà kún fún iṣu.

"Bàbá Fàtímọ̀," ni Àwáwù ìyàwó rẹ̀ wí, "iṣu wa ti ń hù."

"Kí i."

"Mo ti kí i. Ó tún hù sí i."

"Àwáwù, kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ̀yin lẹ ni òfin. Kí n ṣáà mọ ohun tí a ó jẹ ni. Bó bá jẹ́ èéhù la ó máa gún, kí n tètè lọ fọ odó rẹ̀."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí gbogbo ilé ń wọṣọ lọ kírun, ó di ikùn mú, ó ní inú ń run òun. Bí wọ́n ṣe lọ tán, inú rírun lọ. Ó ká apá aṣọ sókè, ó gun àjà, ó sì jókòó ti iṣu. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò tíì gbàgbé. Pẹ̀ẹ́. Pẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tó ti di alága, ọjọ́ náà ni inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wò ó. Ó ṣẹ́ gbogbo rẹ̀, ó kó o sínú agbọ̀n, ó dà á sẹ́yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, ó sì padà lọ dùbúlẹ̀ di ikùn mú kí àwọn tó lọ kírun tó dé. Jímọ̀ mìíràn tó bá tún bọ́ sí i, inú á tún run ún. Ìlú ń bá a kẹ́dùn lórí inú náà.

Ohun tí kò rò ni pé ó ń fa orí iṣu díẹ̀ mọ́ èéhù bó ṣe ń ṣẹ́ ẹ, bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Omi ìwẹ̀ sì ń dé ibẹ̀ láràárọ̀. Kò pẹ́ tí ìtàkùn iṣu fi gun ògiri balùwẹ̀ alága, tó dé òkè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wo títì. Gbogbo ìlú rí i. Gbogbo ìlú mọ ibi tí ìtàkùn iṣu ti ń wá. Isaac ní, "Ẹ wò ó, àkìtàn alága gan-an ń hù!" Bàbá Jẹ́ẹ́dé a máa dúró níwájú rẹ̀ bó bá ń ti oko bọ̀. "Ìtàkùn, ẹ kú ilé o," ni yóò wí. "Ṣé inú alága ti san?"

Kọmíṣọ́nnà dé. Wọ́n so ọ̀pẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà sẹkitéríàtì, wọ́n gbé àga tó ń yí jáde síta, wọ́n gbé òmíràn tí kò yí fún àlejò. Kọmíṣọ́nnà kúrú, ó sanra, ojú rẹ̀ jọ tẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù láyé.

"Alága," ló wí bó ṣe jókòó, "láti Ìbàdàn ni mo ti ń gbọ́ nípa iyán Òkè-Ògùn. Mo kúrò nílé láìfẹnu kan nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n jẹ ẹ́ ná, lẹ́yìn náà n ó sọ ohun tí mo bá wá."

"Ó ti délẹ̀, sà," ni Ọlágòkè wí.

Kò tíì délẹ̀. Láti àárọ̀ ni Dúróríkẹ́ àti àwọn obìnrin ti ń gún. Iṣu tí wọ́n kó wá, bí wọ́n bẹ ẹ́, inú rẹ̀ ti di okùn okùn. Bí wọ́n sè é, ó di omi. Bí wọ́n tọ́ ọ wò, ó korò. Wọ́n gún un títí, kò fà.

Ọlágòkè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni kí oúnjẹ tó dé. Ó sọ ọ́ láti ìgbà baba ńlá rẹ̀ lórí àpáta. "Éèè!" ló ké. "Hùùù!" ni èrò dáhùn. Kọmíṣọ́nnà wo ẹ̀yìn, ó rò pé nǹkan kan ló já lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tán, oúnjẹ kò dé. Ọlágòkè tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ikùn Kọmíṣọ́nnà dún. Isaac sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó sáré bọ̀.

Ọlágòkè rọra bèèrè pé, "Ó tó?"

"Dúróríkẹ́ ní iyán náà ń sá fún ara rẹ̀, sà."

Òógùn bo Ọlágòkè. Ó wo àga pupa. Ó wo Kọmíṣọ́nnà, tó ń wo aago. Ó tẹ̀ sétí Àwáwù. "Lọ kó iṣu ilé wá."

"Ti ilé wa?"

"Pa ohùn rẹ mọ́lẹ̀. Bẹ ẹ́ ńlé kí o tó gbé e wá."

Àwáwù kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ohùn mọ́lẹ̀. "Bàbá Fàtímọ̀, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní wọn kò gbọdọ̀ bẹ ẹ́ kí àlejò tó kí i?"

"Kí ni wọ́n ní kí n kí?" ni Kọmíṣọ́nnà bèèrè.

Isaac ti dìde. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣàlàyé òfin náà láti òkè délẹ̀, kò fo ẹyọ kan, ó sì fi yé Kọmíṣọ́nnà pé iṣẹ́ ọpọlọ alága fúnra wọn ni.

Kọmíṣọ́nnà gbọ́ ọ tán. "Ẹ gbé e wá kí n kí i," ló wí. "Ebi ń pa mí."

Wọ́n gbé ẹrù iṣu dé. Ọkùnrin méjì ló ń mí hẹlẹ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n sọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó dún gbì. Ó ti pẹ́ tí Òkè-Àsá ti gbọ́ iṣu tó dún gbì. Orí rẹ̀ mọ́ roro, ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ ti gbẹ.

Ràmọ́nì jáde láàárín èrò. Ó tẹ̀ wo iṣu. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó fi fèrè sẹ́nu.

Kọmíṣọ́nnà di etí. "Kí tún ni?"

"Wọ́n ti ṣẹ́ èéhù rẹ̀, sà," ni Ràmọ́nì wí. "Ta ló ṣẹ́ ẹ?"

Ọlágòkè la ẹnu. Ojú rẹ̀ ti ń yí lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, bí àga rẹ̀ ti máa ń yí, díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má wò mí o!" ni Àwáwù ké. "Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ. Mọ́ṣáláṣí ni mo wà."

"Ó wà níbẹ̀," ni Lèmọ́ọ̀mù wí, ohùn rẹ̀ sì já gaara. Ọ̀fun ti san. "Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni inú ń run."

Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n tètè pa á.

"Ẹ gún un ná," ni Kọmíṣọ́nnà wí.

Wọ́n gún un. Ó fà, ó funfun, ó ń dán. Kọmíṣọ́nnà jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, ìlú dúró ń wò ó, Ọlágòkè dúró pẹ̀lú wọn. Kọmíṣọ́nnà fọ ọwọ́.

"Alága, ẹ mọ iṣu tọ́jú."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé bí wọn kò bá ṣẹ́ èéhù, yóò jẹ iṣu tán?"

Ọlágòkè lè ní òun kò mọ̀. Isaac ń ṣẹ́jú sí i pé kó ní òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣu ló wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, Jẹ́ẹ́dé sì wà láàárín èrò, tó ń wò ó. "Mo mọ̀, sà," ló wí. "Àgbẹ̀ ni bàbá mi."

"Ìyẹn ló burú jù. Ká ní ẹ kò mọ̀ ni, ǹ bá rán ẹni tí yóò kọ́ yín wá." Kọmíṣọ́nnà dìde, ó fọwọ́ kan àga pupa, àga náà yí. "Ẹ gbé e wọlé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó fi orúkọ ẹlòmíràn ránṣẹ́." Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ọkọ̀ Kọmíṣọ́nnà kò tíì kọjá àpáta tí Ràmọ́nì fi súnmọ́ Ọlágòkè. "Iṣu kan ṣẹ́kù nílẹ̀, sà."

"Ràmọ́nì, èmi ni."

"N kò wojú, sà. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ọlágòkè bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Jẹ́ẹ́dé ló ká aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe òṣùká fún un, ló sì bá a gbé e ru. "Ó tẹ̀ sápá òsì," ló wí. "Dúró dáadáa. Má wolẹ̀, ọrùn á máa dùn ọ́. Mo ti ṣe é rí."

Ó yí ọjà ká. Iṣu náà wúwo, nítorí pé ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó wí Hùùù. Ewúrẹ́ ọjọ́sí nìkan ló tẹ̀ lé e títí dé òpin, tó ń wo òkè.

Ọkùnrin kan láti apá Ìrawọ̀ ni wọ́n fi síbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fi ìṣó kan àga náà mọ́lẹ̀. Òjò wá dé, kò sì sí èbù nílùú, bí Jẹ́ẹ́dé ti wí. Iṣu àjà Ọlágòkè nìkan ló ṣẹ́kù, àti orí iṣu tó ti ta gbòǹgbò lábẹ́ ògiri balùwẹ̀. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló kó o jáde, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀bẹ, tó ń gé e ní èbù, tó ń pín in fún ẹni tó bá kọjá. Jẹ́ẹ́dé jókòó tì í, ó ń fi eérú kan ojú èbù náà kó má baà jẹrà.

Níbẹ̀ ni Isaac ti bá wọn, bírò lọ́wọ́. Ó ti di akọ̀wé alága tuntun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Alága wa ní wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ nílé ìwé lórí àwọn ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Wọ́n ní kí n wá ìtàn èéhù fún wọn, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ gan-an. Bàbá Fàtímọ̀, kí ni kí n kọ?"

Ọlágòkè kò gbójú sókè. "Kọ ọ́ pé ó hù."

"Ó kàn hù bẹ́ẹ̀?"

"Bíi koríko ẹ̀bá títì," ni Ọlágòkè wí, ó sì na ọwọ́ mú iṣu mìíràn.